Ẹni Tó Ń Ta Atẹ́gùn

Ogún ọdún ni mo ti ń ta atẹ́gùn
lábẹ́ igi òro kan ní ìkóríta Ìsarà.
Táyà kẹ̀kẹ́, táyà ọ̀kadà, táyà tírélà tó ń kó yanrìn,
mo mọ ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà kó tó ní ó tó.
Nítorí náà, nígbà tí Tíṣà Ṣówándé wá sọ fún mi
pé ìbọn kan wà tí kì í jẹ ẹ̀tù,
pé atẹ́gùn lásán ló fi ń ti ọta,
ẹ̀rín pa mí. Mo ní, “Ará ilé mi nìyẹn.”

Sátidé tó kọjá, a pé mẹ́tàlá
nínú oko obì tó wà lẹ́yìn ilé ìwé.
Múfú wẹ́dà ti gé ẹran fún wa
láti ara ilẹ̀kùn Pijó kan tó ti kú:
òkété mẹ́fà, àparò mẹ́jọ,
ọ̀kẹ́rẹ́ kan tí ìrù rẹ̀ jọ tàkùkọ,
oníkálukú pẹ̀lú ihò láyà, tí kò ju ẹyọ kọ́bọ̀ lọ.
Ọta tó bá gba inú ihò kọjá, ẹran á dọ̀bálẹ̀.
Èyí tó bá gbá a lára, á ké gan-an-ran,
á dúró, á máa wò ọ́.
Okùn gígùn la fi ń jí òkú dìde.

Wọ́n fun fèrè. Wọ́n ta aṣọ pupa sórí ọ̀pá:
ohun ẹlẹ́mìí kan kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀,
títí kan ewúrẹ́ ìyá olóko,
tó sì kọjá, tí a dúró dè é fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Mo jókòó lórí àpò ìrẹsì, mo ká orúnkún,
mo gbé ìbọn lé e. Nínú gíláàsì,
oko obì lọ, ó ku òbìrí kan
tí ìlà méjì gún ara wọn láàárín rẹ̀.
Bí ọkàn mi ṣe ń fò ni ìlà ń fò.
Mo dá èémí dúró.
Pà. Àparò dọ̀bálẹ̀.
Pà. Òkété kan.
Mo ti ń rí ara mi tí mo ń gbé ẹ̀bùn náà relé,
àpò gáàrì Ìjẹ̀bú tó kan dé gbòǹgbò eyín.

Àfi Nọ́ọ̀sì Odùlájà,
agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin
(òun ló na ìdí mi kí n tó kọ́kọ́ fa atẹ́gùn ayé símú),
tó so ìró le, tó dojú bolẹ̀ sórí ẹní.
Kó tó yìn ín, á já koríko kan,
á jù ú sókè, á wo ibi tó forí lé.
Mo rò pé eré ló ń ṣe.

Ó ku ẹran kan. Èmi méjìlá, òun méjìlá.
Ọ̀kẹ́rẹ́ onírù àkùkọ yẹn, ní ààlà oko lọ́hùn-ún.
Mo fi àgbélébùú lé ihò náà gan-an, kò yẹ̀ ní ìbú irun.
Mo fà á.

Gan-an-ran.

Apá òsì, ìka méjì sí ihò.
Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wò mí.

Màmá já koríko. Ó jù ú.
Ó kọjú ìbọn sí apá ọ̀tún, sí ibi tí kò sí nǹkan kan,
ó sì yìn ín sí òfìfo.
Ẹran dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Mi ò ní purọ́, ó dùn mí.
Èmi tí mò ń dì í sínú rọ́bà,
tí mò ń wọ̀n ọ́n, tí mò ń gbowó lé e!
Èyí tó wà lẹ́wọ̀n ni mo mọ̀.
Èyí tó wà níta kò jẹ mí ní gbèsè,
kò tilẹ̀ mọ orúkọ mi.

Nígbà tí à ń tú ká, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ Màmá ti sùn sílẹ̀.
Ó wò mí. Mo lọ gbé pọ́ǹpù.
Mo fún un títí ó fi le,
mo fi itọ́ sí ìka, mo fi kan ẹnu fáàfù
bí mo ṣe máa ń ṣe, láti wò ó bóyá yóò hó.
Kò hó.
Ìka mi ṣì wà lókè, ó tutù
lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo,
ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà Ìpẹru.
Ogún ọdún.
Mo dúró báyẹn, ìka lókè.
Màmá ti gbé gáàrì sínú búùtù,
ó ní, “Èló ni?”